Ẹ Má Jẹ́ Kí A Ta Píánò Wa: Èèkàn Rẹ̀ Ni Kí A Tún Ṣe

 

Gbogbo wa la mọ píánò tó wà nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Bí ọyẹ́ bá ti dé ni ohùn rẹ̀ ń yà. A ó pe ẹni tó ń tún ohùn rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n kò ní pé ọ̀sẹ̀ méjì tí yóò tún yà. Èyí ló mú kí àwọn kan máa sọ pé kí a tà á. Ẹ jọ̀wọ́, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Píánò ní okùn irin tó tó nǹkan bí 230. A wé okùn wọ̀nyí mọ́ èèkàn irin kéékèèké, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó bíi mílímítà 7. Inú igi líle ni a gbá èèkàn náà sí. Kò sí nọ́ọ̀tì tó dì í mú. Bí ihò igi ṣe fún mọ́ ọn nìkan ni. Bẹ́ẹ̀ ni agbára tí gbogbo okùn náà fi ń fà lè tó tọ́ọ̀nù 18. Nígbà tí ọyẹ́ bá mú, igi á gbẹ, ihò kò ní di èèkàn mú mọ́, okùn á sì dẹ̀. Ẹ̀bi kì í ṣe ti ẹni tó tún ohùn rẹ̀ ṣe. Igi ló ń ṣàìsàn.

Oníṣẹ́ gidi yóò kọ́kọ́ yẹ èèkàn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ díẹ̀ ló dẹ̀, ó lè yọ wọ́n, kí ó fi èyí tó nípọn díẹ̀ jù wọ́n lọ rọ́pò. Bí wọ́n bá pọ̀, a lè rọra tẹ́ píánò náà lé ẹ̀yìn, kí ó kán gúlúù tó ṣàn bí omi sí ìdí èèkàn, kí igi mu ún. Kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, nítorí èéfín rẹ̀ ń ta ojú. Ṣùgbọ́n bí igi náà bá ti là, àfi kí a pààrọ̀ rẹ̀, owó ńlá sì nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da epo tàbí kẹrosíìnì sí i. Ṣe ni yóò máa yọ̀.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Kí a gbé píánò kúrò lójú oòrùn àti ẹnu fèrèsé. Lásìkò ọyẹ́, kí a gbé abọ́ omi sí ìsàlẹ̀ inú rẹ̀, níbi tí kò ti ní dà sí okùn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ohun àjèjì ni píánò. T. K. Ekundayo Phillips tẹ dùùrù ní Kàtídírà Krístì, Èkó, láti 1914 títí di 1962. Ayọ̀ Bánkọ́lé, olùkọ̀wé orin tí òkìkí rẹ̀ kàn, ìlú Jọ́ọ̀sì, ní Òkè Ọya níhìn-ín, ni a bí i sí ní 1935. Ọmọ tiwa náà lè di irú rẹ̀, bí ó bá rí ohun tí yóò fi kọ́ṣẹ́.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín: nínú owó tí a ó dá lónìí, ẹ jẹ́ kí a yọ ti àtúnṣe èèkàn sọ́tọ̀, kí a sì fi ọ̀dọ́ kan ti oníṣẹ́ náà kí ó lè kọ́ ọ. Kí Elédùmarè jẹ́ kí a ṣe é ní àṣeyọrí.