Ìsọ̀ Ìpápánu Ọmọdé ní Japan

Dagashiya ni wọ́n ń pe ìsọ̀ kékeré tí àwọn ọmọdé Japan ti ń fi owó ọwọ́ wọn ra ìpápánu. Yàrá iwájú ilé ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, tí onísọ̀ á máa gbé ní ẹ̀yìn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìyá àgbàlagbà ló ń tajà níbẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí ọjà wọn ti jẹ́ olówó pọ́ọ́kú. Láyé ìjọba Tokugawa, láàárín 1603 sí 1868, ṣúgà funfun wọ́n bí ojú, àwọn ìjòyè àti ọlọ́rọ̀ ló sì ń jẹ ohun tí wọ́n bá fi ṣe. Ṣúgà dúdú àti oje dídùn tí wọ́n ń sè láti ara ọkà ni mẹ̀kúnnù fi ń ṣe tiwọn. Láyé yẹn náà, lọ́dún 1781, ni wọ́n dá Kamikawaguchiya sílẹ̀ ní Zoshigaya, ní Tokyo òde òní. Inú ọgbà tẹ́ńpìlì Kishimojin ló wà, òrìṣà obìnrin tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà gbà pé ó ń dáàbò bo ọmọdé. Ta ni ìbá tún yan ibùdó tó dára jù bẹ́ẹ̀ fún irú ọjà yìí? Ahéré onípákó ni, ìdílé kan náà ló sì ń tajà níbẹ̀ títí tó fi kan ìran kẹtàlá.

Ibi tí ọwọ́ ọmọ kékeré lè tó ni wọ́n máa ń tẹ́ ọjà sí nínú dagashiya. Umaibo wà níbẹ̀, ìpápánu àgbàdo gbọọrọ tó jáde lọ́dún 1979. Yen 10 ni wọ́n ń tà á fún ohun tó lé ní ogójì ọdún; nígbà tó di yen 12 ní oṣù April 2022, ọ̀rọ̀ náà di ìròyìn jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ramune wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí ọmọ gíláàsì roboto kan dí ẹnu ìgò rẹ̀: àfi kí èèyàn tì í wọnú kó tó lè mu ún. Àwọn ìpápánu mìíràn ní oríire nínú. Ọmọ tó bá ṣí ọ̀rá tó rí i pé òun jẹ, á gba òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọmọ tó mú yen 100 dání á rò ó síwá, á rò ó sẹ́yìn, kí owó má baà tán kó tó kan èyí tó wù ú jù. Ìṣirò gidi nìyẹn, kò sì sí tíṣà níbẹ̀.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì tó parí lọ́dún 1945, àwọn ìsọ̀ yìí tàn kálẹ̀, torí ọmọ pọ̀, owó ò sì sí. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Seven-Eleven, ilé-iṣẹ́ onísọ̀ ìgbàlódé, ṣí ìsọ̀ ní Toyosu, ní Tokyo, lọ́dún 1974, irú rẹ̀ sì gba ìgboro kan. Ọmọ tí wọ́n ń bí ń dínkù, àwọn onísọ̀ ń darúgbó, èrè orí ọjà yen 10 kò sì tó owó tí ẹnikẹ́ni lè fi san owó ilé. Ẹni tó ń tajà nínú ilé ara rẹ̀ nìkan ló rọrùn fún.

Ní Kawagoe, lẹ́bàá Tokyo, àdúgbò kan wà tó jẹ́ kìkì ìsọ̀ ìpápánu. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1923 tó ba Tokyo jẹ́, ibẹ̀ ló ń pèsè ìpápánu fún olú-ìlú náà, ìsọ̀ ibẹ̀ sì tó nǹkan bí àádọ́rin nígbà kan. Nǹkan bí ogún ló ṣẹ́ kù. Àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ló ń rọ́ lọ síbẹ̀ báyìí, àgbàlagbà sì wà nínú wọn tó ń ra ohun tí wọ́n jẹ nígbà èwe.