Àbùjá Inú Ọkàn
Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé bá ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún wa, Òmù-Àrán

Ọ̀rọ̀ owó lẹ máa ń gbọ́ lẹ́nu mi. Akápò ti ka ìṣirò ti ọdún yìí, nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ̀rọ̀ ọkàn.

Ọ̀pọ̀ yín mọ ọmọ mi obìnrin, ìkẹta. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Á ru omi bọ̀, kò sáré, ẹnikẹ́ni ò dẹ́rù bà á, àyà rẹ̀ á kàn gbéra lójijì, kì-kì-kì-kì, débi pé ẹ ò lè kà á. Á lóṣòó, òógùn á bò ó. Tó bá yá, á dúró lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ. Kí á tó dé ọsibítù, ó ti tán. Wọ́n á ní ibà ni, wọ́n á ní ọgbẹ́ inú ni. Níbi tá a ti lọ gbàdúrà, wọ́n ní ó ní ẹgbẹ́ ọ̀run. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: èmi náà gbà á gbọ́. Mo mú un kúrò nílé ìwé fún odindi táàmù kan, mo sì ń fi ojú mìíràn wò ó. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Dókítà ọ̀dọ́ kan ló ní kí wọ́n ṣe ECG fún un. Wọ́n á lẹ wáyà mọ́ àyà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ẹ̀rọ á sì ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí bébà. Kì í dunni, kì í sì í pẹ́. Ó wo bébà náà, ó ní, "Màmá, ọ̀nà kan ló lé nínú ọkàn ọmọ yín."

Bó ṣe là á yé mi rèé. Irú iná kan wà nínú ọkàn ẹ̀dá tó ń mú un lù. Láti yàrá òkè ló ti ń gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo lọ sí yàrá ìsàlẹ̀, oníbodè kan sì wà níbẹ̀ tó ń dá a dúró díẹ̀. Ọkàn àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ sábà máa ń lù ní 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn àgbà ní kò sí àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ, àmọ́ wọ́n bí àwọn kan ti àwọn ti àbùjá nínú ọkàn. Iná á gba ojú títì sọ̀kalẹ̀, á gba àbùjá padà sókè, á tún sọ̀kalẹ̀, bíi mọ́tò tó ń yípo láàárín Òmù-Àrán àti Èsìẹ́ láìjá èrò. Ọkàn á wá máa lù ní 150, ní 200, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà mẹ́ta, Wolff, Parkinson àti White, ló kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1930, lẹ́yìn tí wọ́n rí i lára ènìyàn 11. (Ti Kanu Nwankwo, tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ní Amẹ́ríkà ní 1996, ilẹ̀kùn ọkàn ni. Ẹ má pa wọ́n pọ̀.)

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in kì í tipa rẹ̀ kú, ṣùgbọ́n ó ti pa àwọn díẹ̀ lójijì. Ẹ má sì ra oògùn ọkàn ẹlòmíràn fún wọn ní kẹ́mísì o! Àwọn oògùn ọkàn kan wà tó lè ṣe ẹni tó ní àbùjá yìí ní ìjàǹbá.

Ní 1968, ní ọsibítù Duke ní Amẹ́ríkà, wọ́n la àyà apẹja kan kí wọ́n tó lè gé àbùjá tirẹ̀. Láti nǹkan bí 1990, kò sábà dé ibi àyà lílà mọ́. Wọ́n á ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní irin lẹ́nu bọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ níbi orí itan, wọ́n á máa fi ẹ̀rọ wò ó títí á fi dé inú ọkàn. Wọ́n á wá ojú àbùjá náà kàn, wọ́n á fi ooru jó ibi kékeré yẹn, ọ̀nà á dí. Nínú ènìyàn 100, ó ń bọ́ sí i fún ohun tó lé ní 90. Kì í ṣe pé kò léwu rárá: ẹ̀jẹ̀ lè dà níbi tí wọ́n gbà wọlé, àbùjá lè tún là, bí wọ́n bá sì jó oníbodè fúnra rẹ̀ ní àṣìṣe, ẹ̀rọ tó ń mú ọkàn lù ni wọ́n máa fi sí i. Dókítà sọ gbogbo rẹ̀ fún mi kí n tó fọwọ́ sí ìwé.

India la ti ṣe tiwa. Lọ́jọ́ kejì, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Òun ló ń bá mi gbé àpò gaàrí báyìí.

Ẹ̀yin ìyá, bí àyà ọmọ yín bá ń sáré bẹ́ẹ̀, ẹ má dúró kó rọlẹ̀. Ẹ gbé e lọ bó ṣe ń sáré lọ́wọ́, kí ẹ̀rọ lè bá a níbẹ̀, nítorí ti àwọn mìíràn kì í hàn lórí bébà tó bá ti dáwọ́ dúró. Kí ẹ tó dé ọ̀hún, bí ara rẹ̀ bá gbà á, kó jókòó, kó di èémí mú, kó sì kún bí ẹni tó fẹ́ yàgbẹ́. Ìgbà mìíràn, ìyẹn nìkan á dá a dúró. Bó bá dákú, ọsibítù ni kíákíá.

Owó tẹ́ ẹ yá mi nígbà náà, mo ti san án tán, Akápò jẹ́rìí. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi dúró de ọjọ́ ìpàdé kí n tó lè gba fọ́ọ̀mù. Ohun tí mo ń bẹ ìgbìmọ̀ ayáwó fún lónìí ni pé kí fọ́ọ̀mù owó àìsàn wà lọ́wọ́ Akápò nígbàkúùgbà, kí ẹni mẹ́ta lè fọwọ́ sí i láàárín ọ̀sẹ̀. Mo ti kọ àbá náà sílẹ̀, ó wà lọ́wọ́ Alága.