Owó ìwé ìkórìíra: Ta ló yẹ kó jẹ ẹ́?

  Púpọ̀ nínú wa, owó la bá wá sí Johannesburg. Ìlú yìí gan-an, wúrà tí wọ́n rí níbẹ̀ lọ́dún 1886 ló jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó. Kì í ṣe bí a ṣe ń rí i ni mo fẹ́ sọ, irú èyí tó yẹ kéèyàn kọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan kọ ìwé láti mú kí aráyé kórìíra ẹ̀yà kan. Ìwé náà ń tà. Lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, owó kan wà tó jẹ́ ti òǹkọ̀wé, òmíràn jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́. Bí òǹkọ̀wé bá kú ńkọ́? Ṣé kí ilé iṣẹ́ náà kó gbogbo rẹ̀ sápò ni? Ṣé kí wọ́n fi ta aláìní lọ́rẹ? Bí wọ́n bá gbé e wá fún aláìní, ṣé kó gbà á?

Kì í ṣe àlọ́ ni mò ń pa. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí.

Ìwé tó sọ Hitler di olówó

Lọ́dún 1925 ni apá kìíní ìwé Adolf Hitler, Mein Kampf, jáde ní Jámánì. Ìkórìíra àwọn Júù ló kún inú rẹ̀. Lẹ́yìn tó di olórí ìjọba lọ́dún 1933, ìwé náà sọ ọ́ di olówó ńlá. Nígbà tó yá, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ń ra ìwé yìí fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó. Owó ará ìlú ló ń gba ẹ̀yìn wọ àpò olórí ìlú. Kí ogun tó parí lọ́dún 1945, wọ́n ti pa nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà Júù.

Hitler kú, ìwé kò kú. Ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Bavaria. Bavaria ní àwọn kò ní tẹ̀ ẹ́, àwọn kò sì ní jẹ́ kí ẹlòmíràn tẹ̀ ẹ́ ní Jámánì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí ẹ̀tọ́ náà fi parí ní ìparí ọdún 2015.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Lọ́dún 1942, ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé owó tó yẹ kó lọ sọ́dọ̀ Hitler. Lọ́dún 1979, ilé iṣẹ́ ìwé Houghton Mifflin ra ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ ìjọba, èrè rẹ̀ sì di tiwọn. Ìgbà tí ìwé ìròyìn kan gbé ọ̀rọ̀ náà jáde lọ́dún 2000 ni wọ́n tó ní àwọn yóò máa fi owó náà ṣàánú. Lọ́dún 2016, lẹ́yìn tí àwọn èèyàn tún bínú, wọ́n yan àjọ àwọn Júù kan ní Boston pé kó máa fi owó náà tọ́jú àwọn arúgbó tó yè bọ́ nínú ìpakúpa Hitler.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1976, owó tó yẹ kó jẹ́ ti òǹkọ̀wé ń lọ ní ìkọ̀kọ̀ sọ́dọ̀ àjọ aláàánú kan, German Welfare Council, tó ń ran àwọn ará Jámánì tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn Júù tó sá àsálà wà lára wọn. Lọ́dún 2001 tí àṣírí tú, àjọ náà ní àwọn kò fẹ́ owó náà mọ́.

Ẹni tó gba epo sílẹ̀

Àwọn kan yóò ní owó ni owó ń jẹ́. Wọ́n á ní ìwé yóò ṣáà máa tà, ó sàn kí arúgbó tí Hitler fìyà jẹ fi ra oògùn ju kí oníṣòwò fi kọ́lé lọ. Ọ̀rọ̀ wọn ní láárí. Èmi kò lè dúró níwájú ìyá arúgbó tó yè bọ́ nínú àgọ́ ikú, kí n ní kó má gba owó oògùn.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Òǹkọ̀wé nìkan kọ́ ló gbé epo yìí. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́, ẹni tó gbé e sọ́jà, ẹni tó ń ka owó lálẹ́, gbogbo wọn ló gba epo sílẹ̀. Bí wọ́n bá fún aláìní ní díẹ̀, ìyẹn kò sọ epo náà di tiwọn. Àánú kì í ṣe ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ owó.

Lójú tèmi, ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ ká bi ẹni tó ní irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Èkíní, ṣé o lè sọ ọ́ ní gbangba? Ohun tí wọ́n fi pa mọ́ fún ọdún 25, ẹni tó ń fi pa mọ́ ti mọ̀ pé kò dára. Èkejì, ta ló pinnu? Bí àwọn tí ìwé náà ṣe lọ́ṣẹ́ bá ní àwọn gbà á, ẹ̀tọ́ wọn ni. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ẹ̀tọ́ wọn náà ni. Ẹni tó ń tà á kọ́ ló yẹ kó pinnu fún wọn. Ẹ̀kẹta, kí lo ṣe sí irọ́ inú ìwé náà? Lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ ìtàn ní Munich tẹ ìwé Hitler jáde pẹ̀lú àlàyé tó lé ní 3,500, tí wọ́n fi ń já irọ́ rẹ̀. Títa oró pẹ̀lú ẹ̀rọ̀ yàtọ̀ sí títa oró lásán.

Ilẹ̀ tí a dúró lé yìí náà

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun ni. Lọ́dún 1934, ní Grahamstown tí wọ́n ń pè ní Makhanda báyìí, àlùfáà àwọn Júù kan, Abraham Levy, pe mẹ́ta nínú àwọn olórí ẹgbẹ́ Greyshirts lẹ́jọ́. Wọ́n ti gbé ìwé kan jáde, wọ́n ní inú sínágọ́gù ni wọ́n ti jí i, pé ètè àwọn Júù láti gba ayé ló wà níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ rí i pé ayédèrú ni. Wọ́n ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta san 1,775 pọ́n-ùn lápapọ̀ fún Levy. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Níbí ní Johannesburg, lórí òkè Constitution Hill tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀, ni ilé ẹjọ́ tó ń dáàbò bo òfin ìpìlẹ̀ wà. Ní July 2021, wọ́n dájọ́ lórí ohun tí akọ̀ròyìn Jon Qwelane kọ lọ́dún 2008 láti fi tàbùkù àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti àwọn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìkórìíra ni. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ tó kàn dunni nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ lè fa ìpalára, kó sì máa tan ìkórìíra kálẹ̀. Ẹ di ìyàtọ̀ yìí mú. Ìwé tó bí wa nínú kọ́ ni mò ń sọ, ìwé tó ń tọ́ka sí ẹni tí wọ́n máa nà ni.

Owó tó ń wọlé lórí fóònù

Lónìí, kò dìgbà tí èèyàn bá kọ ìwé. Ẹni tó bá ń ṣe fídíò sórí YouTube, bí èèyàn bá ṣe ń wò ó tó ni owó rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Àwọn kan ti rí i pé èébú ẹ̀yà máa ń tà ju òótọ́ lọ. Òmíràn ń bú àwọn àjèjì ní Gúúsù Áfíríkà. Òmíràn sì wà láàárín àwa fúnra wa, tó ń fi Yorùbá bú Ìgbò, tó ń fi Ìgbò bú Yorùbá, tó sì ń gba dọ́là lóṣooṣù.

Ẹ rántí May 2008. Alexandra, ní ìlú yìí, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu àwọn àjèjì. Kó tó rọlẹ̀, ó lé ní 60 èèyàn tó kú. Ẹ rántí Rwanda náà. Lọ́dún 2003, ilé ẹjọ́ àgbáyé ní Arusha dá Hassan Ngeze tó ni ìwé ìròyìn Kangura lẹ́bi. Ohun tó tẹ̀ jáde wà lára ẹ̀rí.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹni tó ń ta á lówó gbọdọ̀ mọ̀ pé òun náà yóò dáhùn fún ohun tó fọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ wo ohun tí ẹ ń gbé sórí àtẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe fídíò, ẹ bi ara yín bóyá ẹ lè ka owó yín lójú ẹni tí ẹ bú. Ẹ̀yin tí ẹ kàn ń wò ó tí ẹ ń pín in fún ọ̀rẹ́, ẹ mọ̀ pé ojú yín ni wọ́n ń tà. Ẹ gbójú kúrò níbẹ̀. Ọjà tí kò bá ní oníbàárà, olúwa rẹ̀ yóò palẹ̀ mọ́.