Àwòrán tí ó Mú Ẹ̀bi Kúrò Lọ́rùn Ìyá

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Ẹjọ́ kan sì wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dá láti ayébáyé láìgbọ́ ti ẹlẹ́rìí. Bí obìnrin bá bí kìkì ọmọbìnrin, òun ni àwọn àna ń bá wí. Bí ó bá bí ọmọ olójú pẹlẹbẹ, tí ara rẹ̀ rọ̀, tí kò tètè rìn, tí kò sì tètè sọ̀rọ̀, àwọn kan a ní ìyá náà rú èèwọ̀, àwọn mìíràn a ní iṣẹ́ àjẹ́ ni.

Inú ara ènìyàn ni ẹlẹ́rìí ọ̀ràn yìí wà. Sẹ́ẹ̀lì ni orúkọ àwọn yàrá kéékèèké tí ó para pọ̀ di ara, tí ojú lásán kò lè rí. Inú wọn ni àwọn okùn tín-ín-rín tí ń jẹ́ kúrómósómù wà, àwọn ni ó sì ru ohun tí ọmọ jogún lọ́dọ̀ òbí. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni ìwé fi ń kọ́ni pé 48 ni wọ́n. Ní ọdún 1956, Joe Hin Tjio àti Albert Levan, ní ìlú Lund ní Sweden, fi hàn pé 46 ni: 23 láti ọ̀dọ̀ ìyá, 23 láti ọ̀dọ̀ bàbá.

Ẹ̀kọ́ yìí wà nínú ètò báyọ́lọ́jì ilé-ẹ̀kọ́ girama. Láti Lekki títí dé Ajah, láàárín òkun àti ọ̀sà, olùkọ́ lè mú un yé ọmọ láìní awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Kí àwọn ọmọ rántí ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Jímọ̀, níbi tí bàtà ti dàrú sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ tò wọ́n yóò wo gígùn àti àmì ara wọn, yóò sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ti èkejì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń to àwòrán kúrómósómù inú sẹ́ẹ̀lì kan ní méjì-méjì. Káríótáìpù ni orúkọ àwòrán bẹ́ẹ̀. Bébà àti àlùmọ́gàjí tó fún ọmọ láti gé okùn 46, kí ó sì tò wọ́n.

Nígbà náà ni ẹlẹ́rìí yóò sọ̀rọ̀. Ní ìpín kẹtàlélógún, tí ó kẹ́yìn, obìnrin ní X méjì, ọkùnrin sì ní X kan àti Y kan. X nìkan ni ìyá ní láti fún ọmọ. Àtọ̀ bàbá ni ó ń mú X tàbí Y wá, bàbá pàápàá kò sì yan èyí tí yóò ṣíwájú.

Ní ọdún 1959, Jérôme Lejeune, Marthe Gautier àti Raymond Turpin, ní ìlú Paris, kéde pé àwọn ọmọ tí ó wà ní ipò tí ń jẹ́ Down syndrome ní kúrómósómù 47. Ìpín kọkànlélógún wọn jẹ́ mẹ́ta dípò méjì: bàtà kan lé. Ìgbà tí ẹyin tàbí àtọ̀ ń pín ni èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀, kí oyún tó dúró rárá. Lóòótọ́, ó ń wọ́pọ̀ sí i bí ọjọ́ orí ìyá ti ń ga, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́bìnrin náà ń bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe oúnjẹ tí ìyá jẹ, kì í ṣe ọ̀nà tí ó gbà ní ọ̀sán gangan, kì í sì ṣe àjẹ́.

Kí òbí gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ọkàn wọn ń fẹ́ ìtọ́jú. Kí wọ́n sì fi í sí ilé-ẹ̀kọ́, nítorí ó lè kọ́ ẹ̀kọ́ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ tirẹ̀. Láti ọdún 2012 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ń ya ọjọ́ 21 oṣù kẹta sọ́tọ̀ fún wọn: mẹ́ta, ní ìpín 21.

Ọmọ tí ó bá to bébà yìí ní kíláàsì, tí ó délé ní Ajah, tí ó gbọ́ tí wọ́n ń dá ìyá kan lẹ́bi, yóò ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Kí àgbà fetí sí i. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ifẹ̀.