Òdòdó Tí Ń Kí Òjò Àkọ́rọ̀ Káàbọ̀

(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan sọ ní ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa)



Àṣìṣe tèmi ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún kan, mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi ro ẹ̀yìn iléèwé. Wọ́n hú ohun kan tí ó ta kókó bí àlùbọ́sà. Mo ní kí wọ́n dà á nù, n kò bèèrè ohun tí í ṣe. Ọmọ kan kó mẹ́ta lọ fún ìyá àgbà rẹ̀ láti fi se ọbẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá náà tí ó mọ̀ ọ́n! Nígbà tí ó wá kìlọ̀ fún mi, mo ní n ó jó gbogbo rẹ̀ níná. Ó ní, “Olùkọ́, ẹ kò lè jó gbogbo igbó tán. Ẹ fi han àwọn ọmọ.”

Nítorí náà ni mo ṣe ń fi í hàn yín. Scadoxus multiflorus ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Haemanthus multiflorus ni Thomas Martyn pè é ní ọdún 1795. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, a kì í rí i lókè ilẹ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, igi òdòdó kan a yọ, orí rẹ̀ a là róbótó bí bọ́ọ̀lù pupa. Òdòdó wẹ́wẹ́ ni ó para pọ̀ di bọ́ọ̀lù náà, wọ́n sì lè tó 200. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ìdí ewé náà a sì máa ní àmì tóótòòtó. Ewé àlùbọ́sà ṣófo nínú, ó sì ń ta sánsán. Níkẹyìn, òdòdó yìí a so èso pupa tí ó lè fa ọmọdé mọ́ra.

Oró ń bẹ nínú rẹ̀. Ó lè pa ewúrẹ́ àti àgùntàn. Ní apá kan ilẹ̀ Áfíríkà, a ti lò ó fún oró ọfà. Kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́. Bí ọmọ bá fi í sẹ́nu, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá, kí a sì mú ewéko náà dání.

Bí katakata bá fẹ́ wọ ilẹ̀ yín láti kọ́lé, ẹ kọ́kọ́ gbé e kúrò ní ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ewé rẹ̀ ti kú. Ẹ má gé gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ gbìn ín sí abẹ́ ìbòòji, níbi tí omi kì í dúró sí, kí ọrùn kókó náà kan ojú ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó sinmi ní gbígbẹ títí òjò yóò fi dé. Bí ẹ bá fẹ́ gbin èso, ẹ fọ ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ tẹ kóró rẹ̀ mọ́ ojú ilẹ̀. Yóò tó ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó tanná.

Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ ra tiyín lọ́wọ́ àwọn tí ń ta òdòdó níbẹ̀. Inú ìkòkò ni kí ẹ gbìn ín sí, nínú ilé, nítorí yìnyín a máa pa á.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀: kí iléèwé kọ̀ọ̀kan ní ìlú wa gbin díẹ̀ sínú ọgbà, kí a ṣọgbà yí i ká, kí a kọ ìkìlọ̀ síwájú rẹ̀. Ohun tí ọmọ bá mọ̀ ni yóò lè yẹra fún, òun náà ni yóò sì lè tọ́jú. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀.

 Kí ìlú wa tòrò o.