Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ọ̀dọ́ Mọ̀ Kí Ó Tó Tọ Agbaninímọ̀ràn Lọ

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó dá ara, tí ó sì dá ọkàn sínú rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, bí ibà bá mú ènìyàn, kò sí ẹni tí í bi í léèrè bóyá ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti dínkù kí ó tó lọ sí ọsibítù. Ṣùgbọ́n bí ìbànújẹ́ bá wọ ọ̀dọ́ kan lọ́rùn, tí kò rí oorun sùn, tí oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, tí ẹ̀kọ́ sú u, ohun tí ó sábà máa ń gbọ́ ni pé kí ó tẹra mọ́ àdúà. Òótọ́ ni, ohun ìjà Mùsùlùmí ni àdúà. Àmọ́ àwọn kan wà tí wọ́n ń gbàdúà, tí wọ́n sì ń rì síbẹ̀, nítorí pé wọn kò rí ẹni tí wọ́n lè sọ̀rọ̀ fún. Àwọn àgbà sì ti wí pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ìbéèrè kìíní tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń bèèrè ni pé: ṣé kì í ṣe àìnígbàgbọ́ ni kí Mùsùlùmí gbé ìdààmú rẹ̀ lọ bá agbaninímọ̀ràn? Ànábì Yàkúbù sunkún ọmọ rẹ̀ Yúsúfù títí ojú rẹ̀ fi funfun, kò sì sí ẹni tí ó jẹ́ pè é ní aláìnígbàgbọ́. Ọdún tí Khadijah àti Abu Talib kú, ọdún ìbànújẹ́ ni àwọn òpìtàn pè é nínú ìgbésí ayé Ànábì Muhammad. Ànábì yìí kan náà ni ó pàṣẹ pé kí àwọn ẹrú Ọlọ́hun máa wá ìwòsàn, nítorí pé Ọlọ́hun kò sọ àrùn kalẹ̀ láìsọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọkàn kì í sì í ṣe àṣà tí àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé. Abu Zayd al-Balkhi, onímọ̀ Mùsùlùmí tí ó kú ní ọdún 934, kọ ìwé kan lórí ìtọ́jú ara àti ọkàn. Ní apá kejì ìwé náà ni ó ti sọ̀rọ̀ nípa ìbínú, ìbẹ̀rù, ìbànújẹ́, àti èrò tí ń pààrà ọkàn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn ó sinmi.

Ìbéèrè kejì: ṣé kì í ṣe wèrè ni wọ́n ń mú lọ síbẹ̀? Rárá o. Agbaninímọ̀ràn kì í fún ènìyàn lóògùn. Ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹni tí ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ẹni tí ìjà kò tán nílé rẹ̀, gbogbo wọn ni ó lè tọ̀ ọ́ lọ. Dókítà ọpọlọ yàtọ̀. Òun ni ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, òun ni ó sì lè fúnni lóògùn. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tí ó ń gbèrò láti pa ara rẹ̀, ọsibítù ni kí wọ́n mú un lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n má sì fi òun nìkan sílẹ̀.

Kò sí ìtìjú nínú ìyẹn náà. Láti ọdún 1954 ni Dókítà Thomas Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aro, Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń gba ìtọ́jú bí wọ́n ti ń gbé pẹ̀lú ẹbí wọn láàárín àwọn ará abúlé. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, èyí tí ó rọ́pò òfin àtijọ́ ti ọdún 1958.

Ìbéèrè kẹta: kí ni yóò ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́? Agbaninímọ̀ràn yóò bèèrè ohun tí ó gbé ọ̀dọ́ náà wá, ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀, bí ó ti ń sùn àti bí ó ti ń jẹun, àti bí ilé rẹ̀ ti rí. Ó lè bèèrè bóyá ó ti ro ikú sí ara rẹ̀ rí. Kí ó má ṣe bínú, kí ó sọ òtítọ́. Ìpàdé kan kì í sábà ju wákàtí kan lọ, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ sì ni ó wọ́pọ̀. Kò pọn dandan kí ó tú gbogbo inú rẹ̀ síta lọ́jọ́ kan.

Ìbéèrè kẹrin: ta ni yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà? Àṣírí ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí. Àmọ́ bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, bí ẹnì kan bá ń ṣe ọmọdé níṣekúṣe, tàbí bí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ, agbaninímọ̀ràn lè sọ̀rọ̀ síta. Bí òbí bá ni ó ń sanwó, kí ọ̀dọ́ náà bèèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ohun tí wọn yóò sọ fún wọn àti ohun tí wọn kò ní sọ.

Ìbéèrè karùn-ún ni ó ń di ọ̀pọ̀ olùfọkànsìn lẹ́nu: bí ènìyàn bá sọ àìdára òbí tàbí ọkọ rẹ̀ níbẹ̀, ṣé kò ti sọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn? Hind, ìyàwó Abu Sufyan, tọ Ànábì lọ, ó ní ahun ni ọkọ òun, kì í fún òun àti ọmọ òun ní ohun tí ó tó. Ànábì kò bá a wí. Ọ̀nà àbáyọ ni ó fi hàn án. Ẹni tí ó ń wá ìrànlọ́wọ́ yàtọ̀ sí ẹni tí ó ń tú àṣírí ẹlòmíràn ká.

Ìbéèrè kẹfà: irú ẹni wo ni kí ènìyàn wá? Kí ó bèèrè ibi tí ẹni náà ti kọ́ṣẹ́ àti iye tí yóò gbà, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Obìnrin lè bèèrè fún obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, tàbí kí ẹbí rẹ̀ kan jókòó sí ìta. Kò di dandan kí ó jẹ́ Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n kí ó bọ̀wọ̀ fún ẹ̀sìn ẹni. Ẹni tí ó bá ń na aláìsàn, tàbí tí ó ń fi ṣẹkẹṣẹkẹ dè é, kì í ṣe olùtọ́jú, ohun yòówù kí ó máa pe ara rẹ̀. Bí owó kò bá sí, ọ̀pọ̀ yunifásítì ní ẹ̀ka ìmọ̀ràn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn.

Ìbéèrè keje: yóò ti pẹ́ tó? Ọ̀nà ìtọ́jú tí Dókítà Aaron Beck gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1960, èyí tí ó ń kọ́ ènìyàn láti yẹ èrò ara rẹ̀ wò, sábà máa ń gba ìpàdé 5 sí 20. Bí ọ̀rọ̀ kò bá wọ̀ lẹ́yìn ìpàdé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ọ̀dọ́ náà sọ ọ́ jáde, kí ó sì wá ẹlòmíràn. Kì í ṣe ìwọ̀sí.

Ẹ̀yin òbí àti àáfà, bí ọmọ kan bá wá sọ pé ọkàn òun ti rẹ̀, ẹ gbọ́ ọ tán kí ẹ tó wàásù fún un. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà, ẹ ṣàdúà, kí ẹ sì gbéra. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Kí Ọlọ́hun wo gbogbo ọkàn tí ó gbọgbẹ́ sàn, kí ó sì fi ọ̀nà ìtura han àwọn tí ó ń sunkún lóru. Àmín.