Ọmọ Tí Kò Lè Jókòó Jẹ́ẹ́ Náà Ní Ẹ̀tọ́ sí Ilé-Ìwé

 

Gbogbo wa la mọ̀ pé torí ọmọ la ṣe ń jí lọ sọ́jà. Nínú owó tí à ń yá lẹ́gbẹ́, owó sùkúrù kì í gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà tí ìyá wọn ti múra tán láti san owó, tí ilé-ìwé ò sì gbà wọ́n. Tiwọn la fẹ́ sọ lónìí.

Ọ̀kan nínú wa ní ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún méje. Tẹ́ ẹ bá pè é, kì í dáhùn. Kì í wojú ẹni. Ó lè máa to ìdérí ìgò láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bẹ́nì kan bá tú u, igbe ni. Ilé-ìwé tí wọ́n fi í sí ò gbà á ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, wọ́n ní ó ń da kíláàsì rú. Àwọn kan ní emèrè ni. Ni ìyá rẹ̀ bá ń fi okùn so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì ní ìsọ̀, kó má baà sá bọ́ sí títì. Gbogbo wa rí okùn yẹn, a ò sọ nǹkan kan. Ìyẹn ló ń dùn wá jù.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe emèrè, kì í sì ṣe pé ìyá rẹ̀ ò mọ ọmọ tọ́. Ọ́tísíìmù ni àwọn dókítà ń pè é. Láti 1943 ni dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Leo Kanner, ti kọ̀wé nípa irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Òmíràn tún wà, ADHD: ọmọ náà lè máa sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè jókòó jẹ́ẹ́, kò lè fọkàn sí nǹkan kan pẹ́. Bí ọpọlọ wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ ló yàtọ̀. Ẹgba ò lè tún un ṣe. Tíṣà tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi àwòrán kọ́ wọn, tí wọ́n ń gé iṣẹ́ sí kéékèèké fún wọn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ irú tíṣà bẹ́ẹ̀ wà ní Ọ̀yọ́ níbí. 1977 ni wọ́n dá a sílẹ̀.

Òfin UBE ti 2004 ní dandan ni kí òbí fi ọmọ sí ilé-ìwé. Òfin kan náà ló ní kí ìjọba pèsè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ, ó sì ka àwọn àkàndá mọ́ wọn. Òfin mìíràn, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní January 2019, ní kí ilé-ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú wọn. A mọ̀ pé ohun tó wà nínú ìwé òfin lè má tíì dé kíláàsì. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ là ń béèrè, a ò tọrọ báárà.

Kí la ó wá ṣe? Àkọ́kọ́, ẹ mú ọmọ lọ sí ọsibítù, bíi OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀, UNIOSUN ní Òṣogbo, tàbí UCH ní Ìbàdàn. Kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò pẹ̀lú, torí ọmọ tí etí rẹ̀ ò gbọ́rọ̀ dáadáa náà kì í dáhùn. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà. Èkejì, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ìwé, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀, lẹ́yìn náà SUBEB ní Òṣogbo. Bí wọ́n bá ní "ẹ ṣì máa lọ ná," ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ìyá kankan má dá lọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. A dábàá pé kí ẹgbẹ́ máa yá irú ìyá bẹ́ẹ̀ lówó ọkọ̀ láìgba èlé, kí èèyàn méjì sìn ín dé ọ́fíìsì, kí ẹnì kan bá a jókòó ti ọjà.

Ní ti ọmọ tí à ń sọ, a ti tú okùn yẹn. À ń gba ìṣọ́ rẹ̀ ṣe láàárín ara wa. Lẹ́tà rẹ̀ ti wọ ọ́fíìsì, a ò sì ní jẹ́ kó sùn síbẹ̀.